Ìkòkò Ọṣẹ Ìyá Wa àti Fèrè Ẹnu Mi

                                                  Agbo Ilé Fákọ̀yà,
                                                  Ọ̀nà Odò,
                                                  Ẹdẹ.
                                                  Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta, 1911.

Sàídì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ọ̀gá tó ń kọ́ ọ níṣẹ́ aṣọ rírán, mo kí gbogbo ará Ìbàdàn tó ń fojú ire wò ọ́. Ara ńkọ́? Ojú ńkọ́? Ṣé abẹ́rẹ́ ti jáwọ́ lára ìka rẹ? Mo yà kí ìyá rẹ ní ọjọ́ Jímọ̀. Wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé kí o má fi ìrun jáfara. Mo fi ohùn wọn gan-an sọ ọ́ padà fún wọn, bí wọ́n ṣe máa ń gba ti imú fà á, ni wọ́n bá ju ìgbálẹ̀ mọ́ mi. Ó bà mí. Nítorí náà, ara wọn le dáadáa.

Ọ̀rọ̀ pọ̀ níkùn mi láti ìgbà tí o ti lọ. O mọ Ìyá wa Ọ̀ṣunfúnkẹ́, àbúrò bàbá mi tí mò ń gbé lọ́dọ̀ wọn, o sì mọ ẹbu wọn lẹ́yìnkùlé, níbi tí wọ́n ti ń se ọṣẹ dúdú. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí ilé ìtajà kan lẹ́bàá tésàn rélùwéè, tí wọ́n ń ta ọṣẹ òyìnbó níbẹ̀, ńṣe ni àwọn oníbàárà Ìyá wa ń yọ́ lọ bí iyọ̀ tó bọ́ sómi. Ọṣẹ ọ̀hún ń ta sánsán, wọ́n sì fi bébà tó ní àwòrán wé e. Àwọn ìyàwó tuntun ò fẹ́ fojú kan ọṣẹ inú ewé mọ́.

Ìyá wa kò pariwo. Wọ́n kàn sọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan pé bí ọṣẹ tó wà nílẹ̀ kò bá tà tán lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, àwọn á da ìkòkò dé, àwọn á sì lọ bá àwọn ẹ̀gbọ́n àwọn roko ní ìlú Ara. Sàídì, nílé wa, ìkòkò ọṣẹ tí a bá ti dà dé, a kì í ṣí i mọ́ láéláé. Ọwọ́ ìyá wọn ni wọ́n sì ti gba ìkòkò yẹn.

Mo ti rò pé ọ̀rọ̀ Ìyá wa nìkan ni. Àfi ìgbà tí Bàbá Èṣùbíyìí, tí wọ́n ń ru eérú wá fún wa láti Alájùẹ, gbọ́ ọ. Wọ́n jókòó lé apẹ̀rẹ̀ eérú wọn. Wọ́n ní, “Ọ̀ṣunfúnkẹ́, bí o bá da ìkòkò yìí dé, orí mi lo dà á dé lé.” Fàsílátù ẹgbẹ́ wa, tó ń pa èkùrọ́ tí a fi ń ṣe àdín, ń fi ọlọ fọ́ èkùrọ́ bí ẹni pé èkùrọ́ ló ṣẹ̀ ẹ́. Amọ̀kòkò ńkọ́? Àwọn tó ń já ewé ńkọ́? Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé àwọn tó ń jẹun nínú ìkòkò kan ṣoṣo pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ìkòkò tí kò sì sẹ́ni tó lè fi ohun tó wà nínú rẹ̀ kan ẹnu.

Ọ̀rẹ́ Ìyá wa, Ìyá Àwáwù ẹlẹ́kọ, ti ń bẹ̀ wọ́n tipẹ́ pé kí wọ́n gbé ọṣẹ wá sí tésàn bí àwọn obìnrin yòókù tó ń sáré lọ tajà níbẹ̀ bí fèrè ọkọ̀ bá dún. Ìyá wa a máa dá wọn lóhùn pé, “Ìyá Àwáwù, ta ní ń wẹ̀ nínú rélùwéè?” Ọ̀rọ̀ a sì parí síbẹ̀.

O rántí fèrè rélùwéè tí mo máa ń fi ẹnu fọn, èyí tí tíṣà tìtorí rẹ̀ na àwa méjèèjì kí n tó fi ilé ìwé sílẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ ọjà pé, mo gun igi ọdán tó wà ní oríta. Bí Ìyá wa ti gbé igbá ọṣẹ dé abẹ́ rẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, mo sì fọn ọ́n. Ọkọ̀ ẹrù kò kúkú ní àkókò, nítorí náà kò sẹ́ni tó bi ara rẹ̀ léèrè. Ẹlẹ́kọ sáré, ẹlẹ́pà sáré. Ìyá Àwáwù fa Ìyá wa lọ́wọ́, wọ́n ní, “Ọ̀ṣun, gbé ẹsẹ̀ ńlẹ̀.” Mo mọ̀ pé Ìyá wa ò ní dá dúró níbi tí gbogbo ayé bá ti ń sá.

Nígbà tí wọ́n dé tésàn, irin nà gbalaja, ewúrẹ́ kan sì ń sùn lórí rẹ̀. Ọ̀gá tésàn jáde sí wọn, bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ kò tíì dé tán. Ó ní, “Ta ló pè yín?” Wọ́n ní ọkọ̀ ni. Ó ní ọkọ̀ wo, ọkọ̀ tí kò tíì kúrò n'Ìbàdàn. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Ibẹ̀ ni Oyèwọlé dé, lébìrà kan, ọmọ ìlú Awo, òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń tún irin ṣe. Gíríìsì bò wọ́n dé ìgbọ̀nwọ́. Ebi ń pa á, ó na ọwọ́ sí ẹ̀kọ, ṣùgbọ́n Ìyá Àwáwù gbá a lọ́wọ́, wọ́n ní ẹ̀kọ àwọn ò ní wọ inú irú ọwọ́ yẹn. Ó ní òun ti fi ọṣẹ òyìnbó fọ̀ ọ́ títí, ó kàn ń ta sánsán lórí ìdọ̀tí ni.

Inú ti ń bí Ìyá wa, wọ́n sì ń wá ohun tí wọ́n máa fi ọwọ́ ṣe. Wọ́n bu ọṣẹ, wọ́n bu omi, wọ́n di Oyèwọlé mú, wọ́n sì ń fi kànìnkànìn ha á lọ́wọ́.

“Ìyá, ẹ rọra, ọwọ́ mi ni.”

“Ọwọ́ dà? Mi ò tíì rí i.”

Kò pẹ́, wọ́n rí i. Gíríìsì ń ṣàn lọ bí ẹ̀jẹ̀ ẹran, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì yọ síta, ó mọ́ kedere. Bí àwọn lébìrà yòókù ṣe tò síwájú igbá nìyẹn. Ọ̀gá tésàn tó ti fẹ́ lé àwọn obìnrin padà ló ra èyí tó kù, ó ní ti àwọn tó ń nu àtùpà ni.

A ò da ìkòkò dé mọ́ o. Kódà, Ìyá wa ti ní kí amọ̀kòkò mọ òmíràn tó tóbi jù ú lọ, Bàbá Èṣùbíyìí sì ti mú ọmọ àbúrò wọn kún iṣẹ́ eérú. Àwọn èèyàn ń sọ pé rélùwéè ló ń tún ìlú ṣe. Bóyá. Èmi rí i pé rélùwéè kàn ń kọjá ni. Àwọn tó ń se nǹkan, tí wọ́n ń pa nǹkan, tí wọ́n ń wé nǹkan sínú ewé, àwọn ni ìlú ń bá jí.

Ṣùgbọ́n Ìyá wa ti mọ̀ pé èmi ni mo fọn fèrè. Wọ́n ní fèrè tòótọ́ kì í wúkọ́ ní ìparí. Èyí tó burú ni pé ọkọ̀ gidi dé lọ́jọ́ kejì, ó fọn, ó tún fọn, àwọn obìnrin jókòó sábẹ́ ọdán, wọ́n ní, “Ẹ má dá a lóhùn, Ìyàndá ni.” Ọkọ̀ dé, ọkọ̀ lọ. Gbogbo ẹ̀kọ Ìyá Àwáwù di oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀. Wọ́n wá sílé wa pẹ̀lú ẹgba. Ìyá wa ní kí wọ́n má nà mí, ẹnu ló ṣẹ̀, ẹnu ni kí wọ́n dí.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di ará tésàn. Bí kò bá sí ọkọ̀, èmi ni mò ń polówó: “Ọṣẹ tó ń wá ọwọ́ rí lábẹ́ gíríìsì rè é o.” Bí àkókò ọkọ̀ bá ti ń súnmọ́, Ìyá Àwáwù á ki ẹ̀kọ bọ̀ mí lẹ́nu. Bí fèrè bá dún, gbogbo wọn á kọ́kọ́ wo ẹnu mi. Bó bá kún, a jẹ́ pé ọkọ̀ ni.

Ẹ̀gbọ́n rẹ Ọláníyan tí wọ́n wá ra obì nílé ń padà lónìí, ọwọ́ wọn ni mo fi lẹ́tà yìí rán àti ọṣẹ tí mo wé sínú ewé. Má fi wẹ̀ tán. Mú un dé ọ̀dọ̀ àwọn lébìrà ìdí rélùwéè ti Ìbàdàn, fọ ọwọ́ ẹnì kan lójú àwọn yòókù, kí o sì kọ̀wé sí mi. Fàsílátù kí ọ. Bàbá Èṣùbíyìí náà kí ọ, pẹ̀lú eérú lórí.

Fèrè ń dún báyìí. Gbogbo wọn ti yíjú sí mi. Ẹ̀kọ kún ẹnu mi. Wọ́n ti ń sáré lọ bá ọkọ̀, Ìyá wa ló sì ṣíwájú.

Èmi ni tìrẹ tí ẹnu rẹ̀ kún,
Ìyàndá.