Idẹ Tí Lorna Gbé Síwájú Aṣòfin

Wendell, àbúrò mi,

Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Orúnkún mi ti gbóògùn díẹ̀.

Lorna ọmọ mi, tó ń gba ìjọba nímọ̀ràn lórí bí iná oòrùn yóò ṣe rọ́pò ti èédú inú ilẹ̀, lọ sọ̀rọ̀ níwájú àwọn aṣòfin lánàá. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ìwọ ọmọ ọ́fíìsì yìí, kí lo mọ̀ nípa èédú?"

Lorna yọ idẹ pẹlẹbẹ onínọ́ńbà kan, ó gbé e síwájú ọkùnrin náà. "Ọdún mẹ́jọ ni mo fi ń gbé e kọ́ sórí pátákó lẹ́nu ihò èédú tí mo bá ń wọlé, sà, kí wọ́n lè mọ̀ pé mo wà nísàlẹ̀, tí mo ń mú un tí mo bá jáde."

Ọkùnrin náà mú idẹ náà, ó ka nọ́ńbà ara rẹ̀, ó dá a padà fún un.

Idẹ bàbá wa, tó ṣẹ́kù lórí pátákó lọ́jọ́ tí ihò wó, ọwọ́ rẹ ló wà. Jọ̀wọ́, fi ránṣẹ́ sí Lorna, kó wà pẹ̀lú tirẹ̀. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká tún rí idẹ tí ẹni tó ni ín ò padà wá mú.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Verna