Àmì Dúdú Inú Fọ́tò

Ọmọ ọmọ mi, aránṣọ ìsàlẹ̀ ilé ló ń bá mi kọ èyí. Mo kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Òrùlé kò jò mọ́, ṣùgbọ́n orúnkún mi kò sàn.

Bàbá àgbà rẹ ní àmì dúdú kan wà nínú gbogbo fọ́tò tóun ń yà, pé sẹ́ńsọ̀ tó ń gba àwòrán nínú kámẹ́rà tí o rà fún òun ló dọ̀tí. Ojoojúmọ́ ló ń nù ún bí ẹni ń nu ojú ọmọ tuntun. Mo gbé fọ́tò ìgbéyàwó wa fún un. Ó ní àmì náà wà níbẹ̀.

"Bàbá, ṣé kámẹ́rà yìí náà ló ya ìyẹn?"

Ó tún mú aṣọ, ó ń nu kámẹ́rà.

Ojú rẹ̀ ni. Kò ní gbà lẹ́nu mi. Ìwọ bá mi sọ fún un pé kámẹ́rà ti mọ́, kó jẹ́ ká lọ rí dókítà. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ojú tìrẹ ṣókùnkùn.