Ta Ni Yóò Ní "Káàbọ̀"?

Màmá mi,

Ṣé orúnkún ti fúyẹ́? Àárò yín ń sọ mí. Ẹ bá mi kí àbúrò mi àti ọkọ rẹ̀. Ara àwọn ọmọ le, ikọ́ bàbá wọn náà ti lọ.

A ti ra ilé o! Owó rẹ̀ ga, àmọ́ ọwọ́ wa ká a. Ẹ mọ̀ pé káfíńtà lọkọ mi. Ó fi òòlù kan gbogbo igi òrùlé wò kó tó fọwọ́ síwèé. Àdúgbò yẹn ti dákẹ́ jù. Alágbàtà tó bá wa wá ilé náà ń fi ìdákẹ́jẹ́ yẹn yangàn, mo ní, "Àbí wọ́n ti kú tán ni?"

Ọ̀rọ̀ tó mú mi kọ̀wé gan-an nìyí. Lọ́jọ́ tí a gba kọ́kọ́rọ́, èmi ni mo kọ́kọ́ wọlé. Ẹnu mi kàn sọ ọ́ bí ẹ ṣe kọ́ wa: "Ẹ kú ilé o!" Nínú ilé òfìfo! Ọkọ mi fi mí rẹ́rìn-ín, àmọ́ omi bọ́ lójú mi.

Màmá, ilé tí kò ní àgbà tó máa ní "káàbọ̀", ògiri lásán ni. Yàrá ìsàlẹ̀ ni tiyín. Ẹ ò ní gun àtẹ̀gùn kankan. Ẹ má sọ pé ẹ máa rò ó, torí ọkọ mi ti ń kan bẹ́ẹ̀dì yín lọ́wọ́.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí fún wa. Lọ́jọ́ tí ẹ bá dé, ẹ̀yin lẹ máa ṣáájú wọlé. Èmi á dúró síta díẹ̀, kí n tó wọlé wá kí yín.

Èmi ni,
Àkọ́bí yín.