Ẹja Oscar Tí Mo Fi Ọwọ́ Mi Dì Fún Màmá Estate

Rọ́bà ni mo fi ń fa ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ omi ẹja sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì láàárọ̀ òní nígbà tí màmá yẹn wọ ṣọ́ọ̀bù wa, látìgbà tí wọ́n sì ti jáde ni ọkàn mi ò ti balẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ka ìjẹ́wọ́ níbí, ẹ bá mi dá sí i, torí mi ò lẹ́ni tí mo lè sọ ọ́ fún. Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi orúkọ mi síta.

Àbúrò ọkọ mi ni mò ń bá ta ẹja ní Okokomaiko, ẹja inú gíláàsì tí wọ́n ń gbé sí pálọ̀ wò, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń sè. Primary ló wà nígbà tí mo wọlé wọn, èmi ni mo sọ ọ́ ní Agùntáṣọọ́lò, torí ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Ní báyìí, ọ̀gá ni mò ń pè é. Nígbà tí ọkọ mi kú, òun ló fún mi ní yàrá kan lẹ́yìn ilé ẹ̀ ní Iba, òun náà ló fún mi níṣẹ́. Ó máa ń sọ fáwọn èèyàn pé ohun tí òun fẹ́ràn jù lára ìyàwó àwọn ni pé kì í sọ̀rọ̀. Òótọ́ ni... èmi kì í sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹja tó dá wàhálà yìí sílẹ̀. Oscar ni wọ́n ń pè é. Tó bá dàgbà, ó máa ń ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó mọ ẹni tó ń fún un lóúnjẹ, á máa tẹ̀ lé yín láti inú gíláàsì bẹ́ ẹ bá ṣe ń rìn. Àmọ́ tó bá ti ní ibi tó kà sí tiẹ̀, kò ní gbà kí ẹja mìíràn simi níbẹ̀. Èyí tó bá lè gbé mì, á gbé e mì. Èyí tí kò bá lè gbé mì, á máa lé e, á máa já a jẹ ní ìrù títí tí yóò fi kú. Tẹ́ ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù wa, ẹ ò ní rí nǹkan tó jọ ọ́. Ṣe la máa ń kó Oscar àti goldfish àti àwọn mìíràn pọ̀ sínú gíláàsì kan, wọ́n á fún mọ́ra débi pé ìkankan wọn ò ní ríbi tí yóò pè ní tiẹ̀. Ẹni tí ò nílé, ta ló fẹ́ lé jáde? Wọ́n á dákẹ́ jẹ́ẹ́. Oníbàárà á wò wọ́n, á ní àwọn wọ̀nyí mà wà ní ìrẹ́pọ̀ o. Ìgbà tó bá gbé Oscar dé ilé, tó fi í sínú gíláàsì tó láyè pẹ̀lú ẹja díẹ̀, ìgbà yẹn ni ojú ẹ̀ á là. Ọ̀gá mọ̀. Èmi náà mọ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fẹ́ kìlọ̀ fún oníbàárà kan, ó pè mí sẹ́yìn, ó ní, “Ìyàwó wa, ohun tí ojú oníbàárà bá rí, ẹ jẹ́ kó fi ojú ẹ̀ rà á.” Tí ẹja onítọ̀hún bá kú, ṣebí á padà wá ra òmíràn.

Màmá tí mò ń sọ yìí, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, Iba Estate ni wọ́n ń gbé. Stroke mú ọkọ wọn, bàbá ò lè sọ̀rọ̀ mọ́, apá kan náà ò ṣiṣẹ́. Iwájú gíláàsì ẹja ni wọ́n máa ń gbé àga bàbá sí láàárọ̀. Goldfish ni wọ́n kọ́kọ́ rà lọ́wọ́ wa, màmá ní bí bàbá bá ti rí wọn, wọ́n á rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí àwọn ò rí látìgbà tí àìsàn ti dé. Ni wọ́n bá tún wá, wọ́n ní àwọn fẹ́ ẹja ńlá kan kún un, kí bàbá lè rí i dáadáa. Wọ́n tẹ̀ ba, wọ́n wo Oscar láàárín àwọn goldfish, wọ́n bi mí pé ṣé ó máa lè bá àwọn tó wà nílé gbé. Mo ní, “Wọ́n jọ ń gbé níbí, mà.” Ohun tí mo sọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò purọ́, àbí mo purọ́? Ọwọ́ mi yìí ni mo fi dì í sínú nylon.

Bàbá wà lórí àga níbi tí ẹja yẹn ti ń pa àwọn goldfish wọn. Bàbá ò lè pariwo. Ọwọ́ tó ṣẹ́ kù ni wọ́n fi ń lu àga, màmá wà ní kíṣìnnì, wọ́n rò pé omi ni bàbá ń bèèrè. Nígbà tí màmá wá sọ fún wa, ọ̀gá ní omi kànga wọn ni kò dáa, ó ta oògùn omi fún wọn, ó tún ta goldfish mìíràn. Ìyẹn náà kú. Wọ́n padà wá, ó bi wọ́n bóyá ọṣẹ ni wọ́n fi fọ gíláàsì. Tíṣà àgbà, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ bí ọmọ iléèwé pé àwọn ò fi ọṣẹ kàn án. Mo dúró síbẹ̀. Mò ń ka ẹja sínú nylon.

Ká ní ọ̀rọ̀ mọ níbẹ̀ ni, ǹ bá má yọ yín lẹ́nu. Ẹ̀gbọ́n bàbá lóbìnrin ti wá láti Abẹ́òkúta, wọ́n wà nílé nígbà tí ẹja tún kú, wọ́n sì ní ọwọ́ ìyàwó yìí ò tutù. Wọ́n ní òun ló ń tọ́jú àbúrò àwọn tí àbúrò àwọn fi ṣubú, ẹja lásán tó tún fi ọwọ́ kàn, ó ń kú. Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀ yìí, wọ́n fẹ́ gbé bàbá lọ sí Abẹ́òkúta, wọn ò sì fẹ́ kí màmá tẹ̀ lé wọn. Àwọn ọmọ wà lókè òkun, wọ́n ní kí màmá fara balẹ̀. Ara wo ni wọ́n fẹ́ fi balẹ̀?

Gbogbo èyí ni màmá rò fún mi láàárọ̀ òní. Wọn ò wá ra nǹkan kan. Ọ̀gá wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó ń dá ẹnì kan lóhùn lórí fóònù, mo lè sọ̀rọ̀ tí ò ní gbọ́. Omi kún bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó ń ṣàn sí mi lẹ́sẹ̀. Ẹ mọ ohun tí mo sọ? Mo ní, ẹ pẹ̀lẹ́, mà.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n lọ sí Estate kó tó di Sátidé, kí n sọ fún ẹ̀gbọ́n bàbá pé ẹja yẹn ló ń pa ẹja, kì í ṣe ọwọ́ ẹnikẹ́ni? Tí wọ́n bá wá bá wa jà ní ṣọ́ọ̀bù ńkọ́? Agùntáṣọọ́lò á kó ẹrù mi síta, ẹbí ọkọ mi á sì ní mo ba ọjà ọmọ àwọn jẹ́. Níbo ni mo fẹ́ gbà lọ? Tí mo bá sì dákẹ́, ṣé mo lè máa jẹ oúnjẹ ilé yẹn kó lọ lọ́nà ọ̀fun mi? Wọ́n á ní ẹja lásán ni... ṣé ẹja lásán ni? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ opó, tẹ́ ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń gbé lábẹ́ òrùlé ẹlòmíràn, kí lẹ máa ṣe? Nígbà tí màmá ń lọ láàárọ̀, wọ́n ti dé ẹnu ọ̀nà kí wọ́n tó yíjú padà, mi ò sì tíì dá wọn lóhùn títí di ìsinsìnyí. Wọ́n ní:

“Àbúrò mi, ìwọ lo mọ ẹja. Sọ ọ́ fún mi, má wojú mi. Ṣé òótọ́ ni pé ọwọ́ mi ń pa nǹkan?”