Fèrèsé Tí Mo Tì

Ọjọ́bọ̀, Ìkirè

Mo ti padà dé láti Àpòmù. Fídíò ìṣirò tí a fi èdè ọwọ́ ṣe fáwọn ọmọ adití hàn kedere lára ògiri. Èmi fúnra mi ni mo ti gbogbo fèrèsé kíláàsì kí àwòrán lè mọ́lẹ̀ dáadáa.

Àǹtí Bísọ́lá, olùkọ́ wọn, ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ṣí ọ̀kan sílẹ̀."

"Ó ku díẹ̀, mà. Ẹ jẹ́ ká parí ná." Aago ni mò ń wò ní tèmi. Àwọn ọmọ ò mira, inú mi sì ń dùn pé wọ́n fọkàn sí i.

Bí a ṣe ṣí fèrèsé, ńṣe ni gbogbo ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ràfíátù kékeré kọjú sí mi gan-an. Àǹtí túmọ̀ rẹ̀: "Ó ní kí làwọn ṣe tí ẹ fi pa àwọn lẹ́nu mọ́?"

Ọwọ́ ni wọ́n fi ń bi ara wọn léèrè. Nínú òkùnkùn, ta ló máa rí i?

Mo ní kí Àǹtí bá mi bẹ̀ ẹ́.

"Ẹ bẹ̀ ẹ́ fúnra yín, sà."

Èmi tí mo ṣètò gbogbo fídíò yẹn, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ sọ pé "má bínú". Mo kàn dúró síwájú ọmọ náà, mo ti ọwọ́ méjèèjì bọ àpò.