Má Tíì Jẹ́ Kí Wọ́n Fọwọ́ Sí Ìwé Náà

                                        Yàrá Kẹfà, Àjà Kejì,
                                        Ilé Alátẹ̀gùn Irin,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìtẹ̀wé.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta, ọdún 2023.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí ọmọbìnrin wa kékeré. Ṣé eyín tó ń da gbogbo ilé láàmú ti yọ? Ara tèmi le, àfi ẹ̀yìn tó ń dùn mí nítorí àga ilé iṣẹ́ wa, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú ju ìyókù lọ. Màmá ní àga tí wọ́n fún ọ níbi iṣẹ́ tuntun ń yí kiri, ó sì níbi tí a ń gbé orí lé. Mi ò béèrè o, òun ló sọ ọ́.

Jẹ́ kí n sọ ọ́ kí n tó yí ọkàn padà. Mo ń jowú rẹ. Iṣẹ́ tí ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé gbé fún ọ, pé kí o ṣe ètò orí kọ̀ǹpútà tí yóò máa tọ́jú káàdì àwọn aláìsàn, èmi náà kọ̀wé béèrè fún un. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Èmi tí mo gbé ọ sórí itan kọ́ ọ ní kọ̀ǹpútà títẹ̀, wọn ò tiẹ̀ fèsì ìwé mi.

Nítorí náà, nígbà tí o kọ̀wé sí mi lóṣù tó kọjá pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ni kí n bi léèrè ohun tí wọ́n ń fẹ́ kí ètò náà ṣe, báwo ni mo sì ṣe máa kọ ọ́ sílẹ̀?" ìlà kan péré ni mo fi dá ọ lóhùn: "Ọ̀gá wọn ni kí o bi, ohun tó bá sọ, òun ni kí o kọ." Mo mọ̀ pé kò dára. Wọ́n ní abéèrè kì í ṣìnà. Ìwọ béèrè, èmi ni mo ṣì ọ́ lọ́nà.

Bí mo ṣe mọ̀ nìyí. O rántí ètò tí mo ṣe fún ilé alágbàfọ̀ ọjọ́sí? Mo sọ fún gbogbo yín pé kọ̀ǹpútà wọn ló bàjẹ́. Irọ́ ni mo pa. Yàrá ọ̀gá ni mo jókòó sí láàárọ̀ ọjọ́ kan, tí fáànù ń fẹ́ sí mi lára. Ó ní orúkọ oníbàárà, iye aṣọ, ọjọ́ tí wọ́n máa wá gbà á, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo kọ ọ́, ó fọwọ́ sí i, mo ṣe é. Mi ò dé ibi tí wọ́n ti ń gba aṣọ rárá. Ìyá àgbà kan wà níbẹ̀ tó máa ń so òwú mọ́ ọrùn aṣọ: pupa fún èyí tí àwọ̀ rẹ̀ ń ṣí, dúdú fún èyí tí kò gbọ́dọ̀ rí áyọ́ọ̀nù, kókó méjì bí àbàwọ́n bá ti wà lára rẹ̀ kó tó dé. Ọ̀gá kò mẹ́nu ba òwú, torí òun kọ́ ló ń so ó. Nígbà tí ètò mi dé, ó ní kí wọ́n kó òwú dànù. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, aṣọ funfun mẹ́tàdínlógún ti pọ́n bí osùn. Ìyá náà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, "Ọmọ mi, o ò tiẹ̀ wá jókòó tì mí." Kò bú mi. Òwú ni wọ́n ń so títí dòní, orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń gbé ike òwú lé.

Màmá pè mí lánàá, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní o ti parí ìwé ohun tí ètò náà yóò máa ṣe, ojú ewé mọ́kànlá, láàárọ̀ kan ṣoṣo, láti ẹnu ọ̀gá àgbà, pé lọ́jọ́ Ẹtì ni wọn yóò fọwọ́ sí i. Ó ní o sọ pé ẹ̀gbọ́n rẹ ló fọ̀nà hàn ọ́. Oúnjẹ tí mo ń jẹ korò lẹ́nu mi.

Jọ̀ọ́, má tíì jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ sí i. Abẹ́rẹ́ á lọ kí ọ̀nà okùn tó dí. Lọ́la, lọ jókòó ti akọ̀wé tó ń wá káàdì láti àárọ̀ títí wọn yóò fi ṣíwọ́. Má sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wo ohun tó lẹ̀ mọ́ ògiri, ohun tó ń kọ sétí káàdì, ohun tó kó sínú dúrọ́ọ̀ tí ọ̀gá kò mọ̀. Bi í pé, "Bí ọmọ méjì bá jẹ́ orúkọ kan náà ńkọ́? Bí iná bá lọ ńkọ́? Èwo ló ń bí yín nínú jù?" Bi nọ́ọ̀sì, bi ẹni tó ń pín oògùn. Bí ọ̀rọ̀ wọn bá takora, má yan èyí tó wù ọ́. Kọ méjèèjì, kí o sì pè wọ́n jọ. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, kí o kọ ẹni tó sọ ọ́ àti ọjọ́ tó sọ ọ́. Má kọ "kí ó yára". Ta ló mọ bí ó ṣe yára tó? Kọ pé kí káàdì yọ kí a tó ka ení dé àrún, ìyẹn la lè dán wò. Kọ ohun tí ètò náà kò ní ṣe pẹ̀lú, torí ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kà á sí wọn létí kí wọ́n bá ọ tún un ṣe. Bí ẹnikẹ́ni bá yí ohùn padà lẹ́yìn ìfọwọ́sí, má pa ti àkọ́kọ́ rẹ́. Kọ tuntun sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́.

Mo fẹ́ pè ọ́, mo tẹ nọ́ńbà rẹ, mo sì tún pa á. Ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ tó jẹ́ awakọ̀ ló ń bá mi mú lẹ́tà yìí bọ̀ lónìí. Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì fẹnu ko ọmọ lẹ́nu fún mi. Bí o bá fẹ́ sọ fún Màmá ohun tí mo ṣe, sọ ọ́. Bí o bá sì fẹ́ bò mí láṣìírí, mo dúpẹ́.

Má rò pé owú náà ti tán. Bí iṣẹ́ náà bá yọrí, tí wọ́n sì yìn ọ́, sọ fún Màmá kó má pè mí lọ́jọ́ náà. Jẹ́ kó di ọjọ́ kejì. Tó bá fi máa di ọjọ́ kejì, màá ti lè bá ọ yọ̀.

Èmi ni tìrẹ, tòun ti owú mi,

Ẹ̀gbọ́n Onígíláàsì.