Káàdì Òtẹ́ẹ̀lì Tí O Ní Kí N Fagi Lé

Delbert,

Mo pe báǹkì láàárọ̀ yìí nípa káàdì òtẹ́ẹ̀lì náà, bí o ṣe wí pé owó ọdọọdún rẹ̀ ti pọ̀ jù. Obìnrin tó gbé fóònù ní, "Òru kan ọ̀fẹ́ ní òtẹ́ẹ̀lì tí káàdì yín ń fún yín lọ́dọọdún, tọdún yìí ṣì wà nílẹ̀ fún yín, mà." Ẹ̀gbẹ́ ilé ìwòsàn la ti lo gbogbo ti àwọn ọdún tó kọjá, nígbà àìsàn Corinne ọmọ wa. Látìgbà tí a ti sin ín, èmi àtìrẹ ò tíì jọ jáde lọ síbì kan.

Mi ò fagi lé e. Mo ti gba yàrá létí adágún ní Duluth fún alẹ́ òní, mo sì ti kó aṣọ rẹ dání. Má bínú, mi ò lè sọ ọ́ lójú rẹ. Jẹ ọbẹ̀ tó wà lórí sítóòfù kí o tó wakọ̀ wá bá mi níbẹ̀.

Bí o bá wá, a ó san owó ọdọọdún náà. Bí o ò bá wá, n ó pe báǹkì padà lọ́jọ́ Ajé, kí wọ́n fagi lé e.

Marlys